Ìbọn Tó Fúyẹ́ Lára, Tó Wúwo Lọ́wọ́

Ní ọdún 1950, àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá láti ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé ní Colorado Springs. Iléeṣẹ́ Smith & Wesson, tó ń ṣe ìbọn ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, gbé ìbọn kékeré kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe wá síbẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀gá náà dìbò yan orúkọ tí wọ́n máa sọ ọ́. Orúkọ tó wọlé ni Chiefs Special, ìyẹn àkànṣe ìbọn àwọn ọ̀gá. Ọta márùn-ún péré ló ń gbà, ọ̀pá rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí ínṣì 2 lọ. Tí ẹnì kan bá gbé e sí ọwọ́ kan, tó wá gbé omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà ní ìgboro sí ọwọ́ kejì, bóyá ló fi máa mọ èyí tó wúwo jù. Ìdajì kílò ni omi náà, ìbọn yẹn sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 550.

Ìbọn tí àwọn ọlọ́pàá ń gbé sí ìbàdí lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn tó ọ̀rá omi méjì. Ẹni tó wọ aṣọ iṣẹ́, tó de bẹ́líìtì aláwọ tó nípọn, lè gbé irú rẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ ní àwọn ìlú ńlá kan, ọlọ́pàá máa ń gbé ìbọn kódà lọ́jọ́ tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tó bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì lásán tó ń bá ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìbọn ńlá á máa fa ṣòkòtò sílẹ̀, á máa gún un ní ẹ̀gbẹ́, á sì yọ síta lábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, onítọ̀hún á kúkú fi í sílé. Tí ohun tó torí ẹ̀ ń gbé e bá wá ṣẹlẹ̀ lọ́nà ọjà, ìbọn wà nínú dúrọ́ọ̀ nílé.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ yìí kò kan ọ̀pọ̀ ìdílé ní tààràtà. Òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959 fi ìbọn ìléwọ́ sáàárín àwọn ohun ìjà tí aráàlú ò gbọ́dọ̀ ní, àfi tí Ààrẹ bá fún un níwèé àṣẹ. Síbẹ̀, kò sí alẹ́ tí wọn kì í fi irú ìbọn bẹ́ẹ̀ hàn nínú fíìmù, níbi tí òṣèré á ti fa ìbọn tó gùn bí apá ọmọdé yọ láti inú àpò ṣòkòtò bí ẹni fa áńkáṣíìfù yọ. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston àti Atlanta, níbi tí wọ́n ti ń ta ìbọn ní ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń ta ohun èlò ilé, tí ẹni tó fẹ́ rà á sì ní láti pinnu èyí tó máa gbé láìní í ní in lára.

Férémù ni egungun rẹ̀

Ìbọn tí wọ́n ń pè ní revolver ni ìbọn ìléwọ́ tó ní sílíńdà roboto láàárín, tí wọ́n dá ihò sí lára fún ọta. Bí wọ́n bá fa tíríígà, sílíńdà á yí, ihò kan á bọ́ síwájú òòlù, òòlù á sì gbá ọta náà nídìí. Samuel Colt gba ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ lórí irú ìbọn yìí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1836. Irin tó so ọ̀pá, sílíńdà àti èèkù pọ̀ ni wọ́n ń pè ní férémù. Bí férémù bá ṣe tóbi tó ni ọta tó lè gbà ṣe máa tóbi tó, òun náà ló sì ń pinnu bí ìbọn ṣe máa nípọn tó lábẹ́ aṣọ, àti bóyá ìka ẹni tó mú un máa dé ibi tíríígà dáadáa.

Iléeṣẹ́ míì ní ìwọ̀n tiwọn. Colt ti ṣe Detective Special láti ọdún 1927, tó ń gba ọta mẹ́fà, tó sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 600. Àmọ́ lẹ́tà tí Smith & Wesson ń lò fún férémù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń ṣe àfiwé: J ló kéré jù nínú àwọn mẹ́rin tó gbajúmọ̀, lẹ́yìn náà K, L àti N.

K ni gbogbo wọn fi ń wọn ara wọn. Ọdún 1899 ni ìbọn Military & Police jáde, èyí tí wọ́n wá sọ ní Model 10 ní ìparí àwọn ọdún 1950. Ọta mẹ́fà ló ń gbà, èyí tí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4 sì jẹ́ nǹkan bí kílò 1 láìtíì ki ọta sí i. (Ọta mẹ́fà ti irú ìbọn yìí á tún fi nǹkan bí gíráàmù 90 kún un, ohun tí àwọn tó ń ka ìwúwo lára páálí ìbọn sábà máa ń gbàgbé.) Fún ọ̀pọ̀ ọdún nínú ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, òun ló wà ní ìbàdí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Ohun tó mú kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ó wúwo débi tí kò fi ní máa fò lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn ín, kò sì wúwo débi tí bẹ́líìtì ò fi ní lè gbé e.

Férémù N ló kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ìyẹn, ní ọdún 1908, fún ọta tó sanra jù. Òun ni wọ́n lò fún ọta .357 Magnum ní ọdún 1935 àti .44 Magnum ní àárín àwọn ọdún 1950. Ìbọn tí Clint Eastwood gbé nínú fíìmù Dirty Harry ní ọdún 1971 wà lára ìdílé yìí. Tí ọ̀pá rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì mẹ́fà ààbọ̀, ìwúwo rẹ̀ á tó kílò 1 àti gíráàmù 350. Nínú fíìmù náà, abẹ́ apá ló máa ń wà lábẹ́ kóòtù. Kò burú fún fíìmù. Ọlọ́pàá tó máa jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ò lè pè é ní ohun ìrọ̀rùn.

Bill Jordan, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Amẹ́ríkà, mọ ìyẹn dáadáa. Ó sígbọnlẹ̀ gan-an, ọwọ́ rẹ̀ sì tóbi, síbẹ̀ òun ló rọ iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n ṣe ìbọn tó lè yin ọta .357 Magnum, àmọ́ tí kò ní tóbi ju férémù K lọ, kó lè ṣeé gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Wọ́n ṣe é, wọ́n pè é ní Combat Magnum, wọ́n sì fún Jordan ní àkọ́kọ́ rẹ̀ ní November 1955. Inú ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá dùn sí i.

Àmọ́ kò pẹ́ tí ìṣòro fi yọjú. Kí sílíńdà àti ọ̀pá tó lè bára mu nínú férémù K, wọ́n ní láti fá irin díẹ̀ kúrò nísàlẹ̀ ìdí ọ̀pá, ibẹ̀ gan-an sì ni iná àti agbára ọta ti máa ń kọ́kọ́ bá ọ̀pá. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọta Magnum tó fúyẹ́ tó sì yára ṣe ìdánrawò ní gbogbo ìgbà, dípò ọta .38 tí kò le tó bẹ́ẹ̀, àwọn ìbọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í là níbi tí irin ti tẹ́ẹ́rẹ́ náà. Torí ẹ̀ ni férémù L ṣe jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Èèkù rẹ̀ bá ti K dọ́gba, torí náà ọwọ́ kì í mọ ìyàtọ̀. Òkè ni wọ́n ti fi irin kún un, ìwúwo rẹ̀ sì lé ní kílò 1 àti gíráàmù 100 tí ọ̀pá rẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 4. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá lára ìwúwo tí Jordan ní kí wọ́n yọ padà.

Ti férémù X tó jáde ní ọdún 2003 kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tí ọ̀pá rẹ̀ gùn jù nínú àwọn àkọ́kọ́ ju kílò 2 lọ, ìyẹn ọ̀rá omi mẹ́rin. Àwọn ọdẹ tó ń lé ẹran ńlá ló wà fún.

Ohun tí ìbàdí mọ̀

Kì í ṣe òṣùwọ̀n nìkan ló ń sọ bí ìbọn ṣe rọrùn tó láti gbé. Sílíńdà ló nípọn jù lára revolver, òun ló sì ń wú síta lábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ti férémù J fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 33, ti K tó 37, ti L fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40, ti N sì lé ní 43. Ìyàtọ̀ mìlímítà mẹ́rin láàárín J àti K kéré lójú, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mọ̀ ọ́n, pàápàá fún ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní ẹran lára.

Gígùn ọ̀pá náà ní tiẹ̀. Ọ̀pá ínṣì 4 rọrùn fún ẹni tó dúró. Tó bá jókòó sínú mọ́tò, ẹnu ìbọn á kan àga, á sì ti èèkù sókè sí ìhà rẹ̀. Ọ̀pá ínṣì 2 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irin tí wọ́n fi ń ti idẹ ọta tó ti dún jáde máa ń kúrú lára ọ̀pá kékeré, nígbà míì kì í lè tì wọ́n jáde tán, olúwarẹ̀ á wá máa fi èékánná yọ wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sínú àpò ṣòkòtò á rí i pé ìdajì kílò ti pọ̀ jù. Tó bá ń rìn, ìbọn á máa jù fìrìfìrì bí agogo, á máa gbá a ní itan. Bẹ́líìtì tí kò nípọn náà á tẹ̀, ìbọn á sì máa já wálẹ̀ kódà tó bá jẹ́ K lásán. Àwọn tó ti ń gbé ìbọn fún ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń sọ pé bẹ́líìtì gidi àti àkọ̀ tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ìbọn lè mú kí K rọrùn ju J tí wọ́n kàn tì bọ ṣòkòtò lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ná owó ńlá lórí ìbọn tó fúyẹ́, tí wọ́n á wá máa ṣahun níbi bẹ́líìtì.

Òógùn tún ń kọ́? Ìbọn tó ń lẹ̀ mọ́ ara níbi tí oòrùn ti mú kì í pẹ́ dípẹtà. Ní ọdún 1965, Smith & Wesson ṣe Chiefs Special kan tí wọ́n fi irin tí kì í tètè dípẹtà ṣe látòkèdélẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tó ń gbé e lábẹ́ aṣọ tẹ́wọ́ gbà á.

Òòlù ìbọn náà máa ń fa ìjàǹgbọ̀n, torí pé ó máa ń kọ́ aṣọ. Àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì mọ ìyẹn. Webley Mark VI tí àwọn ọ̀gá wọn gbé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ju kílò 1 lọ, ọta rẹ̀ sì le débi pé ó ṣòro láti kọ́ ọmọ ogun tuntun láti yìn ín dáadáa. Lẹ́yìn ogun náà, wọ́n yan ọta tó kéré, ìbọn Enfield tí wọ́n gbà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọdún 1932 sì jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 770. Àmọ́ àwọn tó ń jókòó sínú ọkọ̀ ogun onírin ṣàròyé pé òòlù rẹ̀ ń kọ́ nǹkan nínú ibi tóóró tí wọ́n wà. Nígbà tó di ọdún 1938, wọ́n ti gé etí òòlù náà kúrò. Ní Amẹ́ríkà, Centennial tí Smith & Wesson ṣe ní ọdún 1952 fi òòlù pa mọ́ sínú férémù pátápátá.

Ohun tí ọwọ́ mọ̀

Gbogbo ohun tí ìbàdí ń jẹ ní èrè, ọwọ́ ló ń san án. Ìbọn ò lè ti ọta síwájú kí òun náà má ta padà sẹ́yìn. Tí ọta kan náà bá jáde láti inú ìbọn méjì, tí ọ̀kan sì wúwo ní ìlọ́po méjì ju èkejì lọ, eré tí èyí tó fúyẹ́ máa fi ta padà á jẹ́ ìlọ́po méjì. Èèkù férémù J sì kéré débi pé ọmọńdinrín ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ráyè dúró sí. Wọ́n lè fi èèkù rọ́bà tó tóbi sí i, ìyẹn á sì dín ìrora kù, àmọ́ rọ́bà máa ń lẹ̀ mọ́ aṣọ nínú àpò, ó sì tún ń mú kí ìbọn kékeré di ńlá.

Tíríígà tún wà níbẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ férémù J, ipá tí ìka ní láti fi fà á tó kílò 5. Láti ọdún 1952 ni Smith & Wesson ti ń fi alumíníọ̀mù ṣe férémù J kan tí wọ́n ń pè ní Airweight, tó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 420. Ipá tó ju ìwúwo ìbọn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ló ń fa tíríígà yẹn, kì í sì í rọrùn kí ẹnu ìbọn dúró sójú kan. Torí náà, ìbọn tí wọ́n sábà máa ń dámọ̀ràn fún obìnrin tàbí àgbàlagbà, torí pé ó kéré tó sì fúyẹ́, ni ó máa ń ṣòro jù fún ọwọ́ tí kò lágbára. Ìmọ̀ràn burúkú gbáà ni ìmọ̀ràn yẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń dùn ún lẹ́yìn ọta mẹ́wàá kò ní padà sí pápá ìdánrawò, ìbọn tí kò mọ̀ ọ́n lò lá sì máa gbé káàkiri.

Ìgbà kan wà tí wọ́n gbìyànjú láti mú un fúyẹ́ kọjá ààlà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, àwọn ológun òfuurufú Amẹ́ríkà fẹ́ ìbọn tí awakọ̀ òfuurufú ò ní mọ̀ pé òun gbé. Wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe férémù, wọ́n tún fi ṣe sílíńdà. Ó fúyẹ́ lóòótọ́, àmọ́ àwọn sílíńdà náà ń là. Wọ́n ní láti ṣe ọta pàtàkì tí agbára rẹ̀ kéré fún un, kò sì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi kó àwọn ìbọn náà jọ tí wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ jù lọ wọn run. Látìgbà náà, irin ni wọ́n fi ń ṣe sílíńdà ìbọn alumíníọ̀mù, títí dìgbà tí titanium dé ní ìparí àwọn ọdún 1990.

Pẹ̀lú titanium àti alumíníọ̀mù tí wọ́n po scandium mọ́, wọ́n ṣe férémù J tó ń yin ọta .357 Magnum, tí ìwúwo rẹ̀ ò ju nǹkan bí gíráàmù 340 lọ. Ìyẹn kò tó fóònù ńlá méjì. Ìṣòro rẹ̀ kò mọ sórí pé ó ń dun ọwọ́. Nígbà tí ọta kìíní bá dún, ìbọn á ta padà pẹ̀lú eré tó pọ̀, á sì fa idẹ àwọn ọta yòókù sẹ́yìn. Orí ọta tó wà lẹ́nu idẹ á fẹ́ dúró síbi tó wà, bí èrò tó dúró nínú mólúè ṣe máa ń ṣubú sẹ́yìn tí mọ́tò bá fò síwájú lójijì. Idẹ á lọ, orí ọta á yọ. Tó bá yọ jù, á há mọ́ férémù, sílíńdà ò sì ní yí mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ ọ́ sára ọ̀pá irú ìbọn yìí pé kí wọ́n má fi ọta tí orí rẹ̀ fúyẹ́ ju 120 grain lọ sínú rẹ̀, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù 8, torí pé àwọn tó fúyẹ́ gan-an ló tètè máa ń yọ.

Ruger gba ọ̀nà míì ní ọdún 2009: ó fi ike líle ṣe apá ẹ̀yìn ìbọn rẹ̀ tó ń jẹ́ LCR. Ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 380, tíríígà rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ìbọn tó tó o lọ.

Ilé tí ọmọdé wà

Ìbọn tó wúwo máa ń wà ní ojú kan: ìbàdí tàbí àpótí. Èyí tó fúyẹ́ ló máa ń bá wọn lọ sínú báàgì, ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí, àpò kóòtù tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ibi tí ọwọ́ ọmọdé ń dé nìyẹn. Ní December 2014, ní ìpínlẹ̀ Idaho, ọmọ ọdún méjì kan ti ọwọ́ bọ báàgì ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, ìbọn tó wà níbẹ̀ dún, ó sì pa ìyá náà. Ìbọn yẹn kì í ṣe revolver, àmọ́ kékeré tó ṣeé fi sínú báàgì ni, báàgì náà sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n dìídì ṣe àyè ìbọn sí.

Àwọn tó ń ṣe ìbọn ti mọ ewu yìí tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1880, Smith & Wesson ṣe ìbọn àpò kan tí kò lè dún àfi tí ọwọ́ bá tẹ irin kan lẹ́yìn èèkù rẹ̀ nígbà tí ìka ń fa tíríígà, wọ́n sì polówó rẹ̀ pé ọmọ kékeré ò lè yìn ín. Ọ̀pọ̀ òbí lónìí rò pé tíríígà revolver tó le ti tó fún ìdáàbòbò. Kò tó. Ọmọ tí ìka rẹ̀ ò lágbára lè yí ìbọn dà kọjú sí ara rẹ̀, kó fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í. Ìbọn tí kò bá sí lára ẹni tó ni ín, inú àpótí tí wọ́n tì pa ló yẹ kó wà, kí ọta sì wà lọ́tọ̀.

Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá New York, tí Model 10 ti wà ní ìbàdí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́tipẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà ní ọdún 1993 sí ìbọn tó ń gba ọta láti inú èèkù. Wọ́n gba àwọn àgbà láyè láti máa lo revolver wọn nìṣó, ọdún 2018 ni wọ́n sì gba èyí tó kù lọ́wọ́ wọn. Àmọ́ férémù J tí àwọn ọ̀gá dìbò fún orúkọ rẹ̀ ní 1950 ṣì wà lórí igbá ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ìbọn Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n fi irin ṣe àti èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.